Ta Ni Ó Ni Bọ́ọ̀lù? Ìtàn Fèrè, Olówó àti Èrò Ìwòran

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2000, pápá ìṣeré tí ó wà ní Surúlérè ní ìlú Èkó kún dé ẹnu. Àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń gbá lọ́jọ́ náà láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Wọ́n gbá a títí, ó di ọ̀mì, 2 sí 2. Àfikún àkókò kò yanjú rẹ̀. Ó wá di pé kí wọ́n máa gbá pẹ́nárítì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Victor Ikpeba, bọ́ọ̀lù tí ó gbá bá igi ìdábùú, ó já lulẹ̀, ó sì ta padà síta. Rẹfirí tí ó wá láti ilẹ̀ Tùnísíà kò kà á sí góòlù. Kamẹrúùnù fi 4 sí 3 gba ife náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí tẹlifíṣàn tún àwòrán náà fi hàn, àwọn tí wọ́n jókòó sílé rí i pé bọ́ọ̀lù náà ti kọjá ìlà kí ó tó ta padà. Ẹni tí kò ní àṣẹ ni ó rí òtítọ́. Ẹni tí ó ní àṣẹ kò rí i.

Bí ẹni tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin bá lè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ni ó dé tí ẹni tí a fi ṣe adájọ́ láàárín pápá kò fi ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn tí ayé fún ìbéèrè yìí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ètò fídíò tí ń ran rẹfirí lọ́wọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAR. Nígbà tí ìdáhùn náà dé tán, ariwo kò rọlẹ̀. Ńṣe ni ó tún ga sí i. Ohun tí ó fà á ni pé ìbéèrè méjì ni ó so mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé góòlù ni tàbí pé kì í ṣe góòlù? Èkejì ni pé, ta ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù? Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Bí a bá tọ ìtàn méjèèjì láti ìpilẹ̀, a ó rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì rí ibi tí wọ́n tún ti pàdé ní ayé òde òní.

Nígbà tí kò tí ì sí oní-fèrè

Ní ọdún 1863 ni àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan péjọ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe òfin fún eré náà. Nínú òfin àkọ́kọ́ yìí, kò sí ibi tí a ti dárúkọ rẹfirí rárá. Èrò àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà ni pé ọmọlúwàbí kì í rẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Bí aáwọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, àwọn balógun ikọ̀ méjèèjì yóò jọ yanjú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú fi là pé ìfẹ́ àtiborí máa ń borí ìwà ọmọlúwàbí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí mú alábòójútó tirẹ̀ wá. Nígbà tí ohùn àwọn alábòójútó méjì yìí kò bá ṣọ̀kan, ẹnì kẹta tí ó wà lẹ́yìn ìlà ni wọn yóò gbé ẹjọ́ náà lọ bá. Ìtumọ̀ tí ó wà nínú orúkọ náà, rẹfirí, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: ẹni tí a ń gbé ẹjọ́ lọ bá.

Ní ọdún 1891 ni wọ́n mú ẹnì kẹta yìí wọ inú pápá, tí wọ́n sì fi àṣẹ lé e lọ́wọ́. Àwọn alábòójútó méjì di oní-àsíá tí ń sáré létí ìlà. Ọdún yẹn kan náà ni pẹ́nárítì wọ inú òfin. Láti ìgbà náà ni ìdájọ́ rẹfirí lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú eré ti di abẹ gé e. Nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ fídíò, kí a rántí pé ọ̀nà tí ayé ti kọ́kọ́ rìn rí ni ó tún padà sí: ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ìlà, tí a ń gbé ẹjọ́ lọ bá nígbà tí ojú àwọn tí ó wà nínú pápá kò bá tó o.

Bí ẹgbẹ́ ṣe di ohun-ìní

Àwọn tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ kì í ṣe olówó. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n dá Aston Villa sílẹ̀ ní ọdún 1874 àti Everton ní ọdún 1878. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n dá Newton Heath sílẹ̀ ní ọdún 1878, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ di Manchester United ní ọdún 1902. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Woolwich ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Arsenal ní ọdún 1886. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin gbà ní ọdún 1885 pé kí a máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, tí líìgì àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1888 pẹ̀lú ẹgbẹ́ 12, owó di dandan. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́, wọ́n sì ń ta ìpín. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dí ọ̀nà mọ́ ojúkòkòrò: èrè tí ẹni tí ó ra ìpín lè gbà lọ́dún ní òdiwọ̀n, àwọn olùdarí kò sì gbọdọ̀ gba owó oṣù. Ojú alágbàtọ́ ni òfin náà fi wo olówó. Ó lè bọ́ ẹgbẹ́, kí ó tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di màlúù tí yóò máa fún wàrà rẹ̀ mu.

Ní ọdún 1983 ni Tottenham Hotspur rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn òfin yìí. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, wọ́n fi ẹgbẹ́ náà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ìpín ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ọjà ìdókòwò ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin bọ́ọ̀lù kò lè mú ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì tọ ọ̀nà náà lẹ́yìn.

Àwọn ọdún náà jẹ́ ọdún ìbànújẹ́ fún èrò ìwòran. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield, èrò há mọ́ra wọn sí àárín irin. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Liverpool 97 ni ó ti ipa rẹ̀ kú. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn. Ọdún 27 ni àwọn ẹbí òkú fi jà kí ìgbìmọ̀ ìwádìí ikú tó sọ ní ọdún 2016 pé ikú tí kò bófin mu ni wọ́n fi pa àwọn ènìyàn náà, àti pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn olólùfẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ àti ti ẹni tí ó ní ẹnu láti sọ ọ́ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún èrò ìwòran nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán.

Lẹ́yìn àjálù yìí, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn pápá ńlá di oníjòkòó pátápátá. Pápá sàn sí i, ṣùgbọ́n owó ìwọlé gbówó lórí. Ní ọdún 1992 ni Premier League bẹ̀rẹ̀, owó tẹlifíṣàn sì wọlé bí omi òjò. Àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè tẹ̀ lé owó náà. Roman Abramovich, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ra Chelsea ní ọdún 2003. Ìdílé Glazer láti Amẹ́ríkà ra Manchester United ní ọdún 2005; owó tí wọ́n yá ni wọ́n fi rà á, gbèsè náà sì bọ́ sọ́rùn ẹgbẹ́ náà. Inú bí apá kan nínú àwọn olólùfẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ lọ́dún yẹn, FC United of Manchester, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2002, nígbà tí a gbà kí àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ Wimbledon gbé e lọ sí ìlú Milton Keynes, àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ kù sẹ́yìn dá AFC Wimbledon sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Àwọn ará Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbà ní ọdún 1998 kí ẹgbẹ́ lè di ilé-iṣẹ́, wọ́n fi kún un pé ó kéré tán, ìdajì ìbò àti ìbò kan lé ní láti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìyọ̀ǹda wà fún ẹgbẹ́ mélòó kan, bí Leverkusen àti Wolfsburg tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n òfin náà ni ìpìlẹ̀. Ní Súwídìn náà, òfin ni pé ìbò tí ó pọ̀ jù kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí bá fèrè jiyàn

Bí owó ti ń yí ẹgbẹ́ padà ni tẹlifíṣàn ń yí ìdájọ́ padà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje ọdún 1966, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì pàdé ní Wembley nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Nínú àfikún àkókò, nígbà tí ó jẹ́ 2 sí 2, Geoff Hurst gbá bọ́ọ̀lù, ó bá igi ìdábùú, ó já lulẹ̀, ó sì ta síta, gẹ́gẹ́ bí ti Ikpeba yóò ti rí ní ọdún 34 lẹ́yìn náà. Rẹfirí Gottfried Dienst, ọmọ Swítsàlandì, kò dá ara rẹ̀ lójú. Ó lọ bá oní-àsíá, Tofiq Bahramov, ọmọ Azerbaijan. Bahramov ní góòlù ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí, 4 sí 2. Àwọn ará Jámánì kò gbà títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ìlú Baku, orúkọ Bahramov ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré ńlá kan.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 1986, ní Mẹ́síkò, Diego Maradona fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rẹfirí kò rí i. Gbogbo ayé rí i. Ní ọdún 2010 ní Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún pàdé. Bọ́ọ̀lù tí Frank Lampard gbá wọlé dáadáa, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ là tí kò rí i, àfi rẹfirí àti oní-àsíá rẹ̀. Wọn kò kà á. Jámánì borí, 4 sí 1.

Ọ̀ràn ti ọdún 2010 yìí ni ó fọ́ agídí àwọn aṣòfin. Ìgbìmọ̀ tí ó ni òfin bọ́ọ̀lù, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1886, gbà ní ọdún 2012 pé kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ìlà góòlù. A sì lò ó nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014. Ní oṣù kẹta ọdún 2018 ni wọ́n kọ VAR sínú òfin. Ọ̀ràn mẹ́rin péré ni a fún un: góòlù, pẹ́nárítì, káàdì pupa tí kì í ṣe ti ìkìlọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, àti àṣìmú agbábọ́ọ̀lù kan fún ẹlòmíràn. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí bí ìgbìmọ̀ náà ṣe rí. Ìbò mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Àríwá Ireland, àti mẹ́rin fún FIFA. Ìbò mẹ́fà ni ó lè yí òfin padà. Kò sí ìbò kan fún àwọn tí ń san owó ìwọlé.

Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Àwa ọmọ Nàìjíríà tètè tọ́ adùn àti ìkorò rẹ̀ wò. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà, Nàìjíríà fi 2 sí 0 borí Iceland, ṣùgbọ́n fídíò ti kọ́kọ́ fún àwọn ará Iceland ní pẹ́nárítì tí rẹfirí kò rí. Ọlọ́run ni ó yọ ni tí wọ́n fi gbá a dànù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, ó di 1 sí 1 láàárín Nàìjíríà àti Ajẹntínà. Bọ́ọ̀lù tí Marcos Rojo fi orí kàn ta bà á lápá nítòsí àwọ̀n tirẹ̀. Rẹfirí sáré lọ sídìí fídíò, ó wò ó, ó sì ní kì í ṣe pẹ́nárítì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Rojo yìí kan náà fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Nàìjíríà sì padà sílé.

Ìyàtọ̀ kan hàn níbí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Pé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tàbí kò kọjá jẹ́ ohun tí a lè wọ̀n. Ọwọ́ ẹ̀rọ ká a. Ṣùgbọ́n pé ọwọ́ tí bọ́ọ̀lù bà jẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ tàbí ti aláìmọ̀kan, ìtumọ̀ ni èyí ń fẹ́. Àwòrán kì í túmọ̀ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kì í ti í túmọ̀ ara rẹ̀. Ẹni méjì lè wo àwòrán kan náà ní ìgbà mẹ́wàá, kí ohùn wọn má sì ṣọ̀kan.

Nígbà mìíràn pàápàá, ojú rí òtítọ́, ẹnu ni ó ṣì í sọ. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Luis Díaz gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Liverpool ní pápá Tottenham. Oní-àsíá ní ọ́fúsáìdì ni. Àwọn tí ó wà nídìí fídíò wò ó, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ọ́fúsáìdì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé ohun tí rẹfirí sọ. Wọ́n rò pé ó ti gbà á ní góòlù. Wọ́n sọ fún un pé àyẹ̀wò ti parí. Ó gbọ́ ọ sí pé ọ́fúsáìdì ni lóòótọ́, eré sì ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n mọ àṣìṣe wọn, òfin kò gbà kí wọ́n dá eré dúró mọ́. Liverpool pàdánù, 2 sí 1. Ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan. Gbólóhùn kúkúrú kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ pín sí méjì ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Nínú ìpele kejì àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì, ní Radès ní Tùnísíà, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2019, Wydad láti Mòrókò gbá bọ́ọ̀lù wọlé ẹgbẹ́ Espérance. Rẹfirí kò kà á. Wọ́n ní kí ó lọ wo fídíò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé fídíò náà kò ṣiṣẹ́. Wydad kọ̀ láti gbá mọ́, Espérance sì gba ife. Ẹ̀rọ tí a ṣèlérí rẹ̀ tí kò sì sí nílẹ̀ ń dá ìbínú tí ó ju ti àìsí ẹ̀rọ rárá lọ.

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu èrò ìwòran kò jẹ mọ́ àṣìṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ayọ̀ góòlù kò jẹ́ ti àwọn mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fò sókè yóò tún jókòó dúró de àṣẹ láti ibòmíràn. Àti pé àwọn tí wọ́n wà nínú pápá gan-an ni wọn kì í mọ ohun tí ó ń lọ. Nínú Premier League, Stockley Park ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn tí ń wo fídíò ti bẹ̀rẹ̀ sí jókòó ní ọdún 2019, bí eré tilẹ̀ ń lọ ní Newcastle. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn Yorùbá ti ń dá ẹjọ́ yóò mọ ìdí tí èyí fi ń dun ènìyàn. Ní àgbàlá baálé tàbí ní ààfin, ojú gbogbo ènìyàn ni a ti ń rojọ́, ojú gbogbo ènìyàn náà sì ni adájọ́ ti ń sọ ìdí tí ó fi dá ẹjọ́ bí ó ti dá a. Ẹni tí ó jẹ̀bi lè má gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Kò yani lẹ́nu pé ní ọdún 2023, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn obìnrin, FIFA ní kí rẹfirí máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣàlàyé ìdájọ́ fídíò fún gbogbo pápá.

Ẹni tí ó ní ìbò

Ibí yìí ni ìtàn méjèèjì ti pàdé. Ní Súwídìn, àwọn olólùfẹ́ kò fẹ́ VAR. Nítorí pé àwọn ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wọn, wọn kò dúró sórí ariwo. Wọ́n lọ sí ìpàdé ọdọọdún, wọ́n dìbò, wọ́n sì pàṣẹ fún àwọn olùdarí pé kí wọ́n lọ sọ pé ẹgbẹ́ àwọn kò gbà. Ní ọdún 2024, àjọ bọ́ọ̀lù Súwídìn fi ètò náà sílẹ̀, nítorí pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó lòdì sí i.

Ní Nọ́wè, wọ́n ti ń lo VAR láti ọdún 2023. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọn kò lè parí eré láàárín Rosenborg àti Lillestrøm, nítorí pé àwọn olólùfẹ́ ń ju àkàrà ẹja àti bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sínú pápá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìpele méjì òkè fi ìbò 19 sí 13 dámọ̀ràn pé kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àjọ náà péjọ ní oṣù kẹta, ìbò 321 sí 129 ni wọ́n fi gbà pé kí ó dúró. Èyí fi hàn pé ìbò ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ìbò ìkọ̀sílẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn tí wọ́n pàdánù ní Nọ́wè mọ̀ pé a gbọ́ ẹjọ́ àwọn kí a tó dá a. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wolverhampton Wanderers béèrè ní ọdún 2024 pé kí a yọ VAR kúrò. Ẹgbẹ́ 20 ni ó dìbò: 19 ní kí ó dúró, Wolves nìkan ni ó ní kí ó lọ. Bóyá ohun tí ó wà lọ́kàn èrò ìwòran nìyẹn, bóyá kì í ṣe é. Kò sí ìpàdé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lè fi í hàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn ni ìta. Ìta náà sì ní agbára tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ 12 ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí 6 nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àwọn yóò dá líìgì tiwọn sílẹ̀, kò pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ Chelsea fi dí ọ̀nà níwájú pápá Stamford Bridge. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ètò náà ti fọ́. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó bí òfin ọdún 2025 tí ó gbé alábòójútó olómìnira kalẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní láti dí ọ̀nà kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kò tí ì di onílé.

Ọ̀rọ̀ náà ní ilé wa

Ìbẹ̀rẹ̀ tiwa jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945, Marine ni ó gbà á, orúkọ Railway náà sì gbajúmọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ tiwa kò di ti àwọn òṣìṣẹ́ tàbí ti àwọn ará àdúgbò. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ó wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́lá dá sí i. Olóyè Israel Adébájọ̀ dá Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1958, ó sì fi orúkọ òwò ìwé rẹ̀ sọ ọ́. Ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1967 àti 1968. Ní ọdún 1969 ni Adébájọ̀ kú. Ẹgbẹ́ náà ṣì gba ife ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992; ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ín jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ títí ó fi kúrò lójú pápá, tí àwọn tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e láti ìgbà èwe di aláìnílé. Abiola Babes ti Olóyè M. K. O. Abíọ́lá gba ife ní 1985 àti 1987. Leventis United tí ó wà ní Ìbàdàn gba líìgì ní 1986. Méjèèjì ti di ìtàn. Nígbà tí ọwọ́ tí ń bọ́ ẹgbẹ́ bá ká kò, ebi pa ẹgbẹ́ kú nìyẹn.

Ní Ìbàdàn, ìjọba ni alágbàtọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba ni Shooting Stars kọ́kọ́ jẹ́, WNDC, kí ó tó di IICC. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ náà borí Tonnerre ti Yaoundé, ó sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò mọ sí Ìbàdàn nìkan. Ní ọdún 1992, ó gba ife CAF àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹgbẹ́ náà wà. Ẹni tí ó ń lu ìlù ní pápá Adámásingbà, tí ó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù láti ọdún 1976, kò ní ìwé kankan tí ó fi hàn pé ó ní ìpín nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹni yìí sì ti kọjá sí ilé ìwòran. Ní ọjọ́ Sátidé, wọn yóò san owó ìwọlé ní Ifẹ̀, ní Adó, ní Abẹ́òkúta, wọn yóò wọ aṣọ Arsenal tàbí ti Chelsea, wọn yóò sì máa jà lórí ọ́fúsáìdì tí àwọn tí ó jókòó sí yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá. Ìfẹ́ wọn kì í ṣe ẹ̀tàn. Omijé wọn kì í ṣe àwàdà. Owó wọn wà lára ohun tí ó sọ líìgì náà di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n bí olólùfẹ́ tí ó wà ní Manchester kò bá ní ìbò, kí ni ti ẹni tí ó wà ní Modákẹ́kẹ́?

Àwọn kan yóò sọ pé kí a sáà ra ẹ̀rọ VAR fún líìgì ilé, ohun gbogbo yóò sì tò. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní Radès, ẹ̀rọ wà lórí ìwé. Ní Tottenham, ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó mú kí ìdájọ́ ṣeé gbà ni pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ bí a ti dá a, kí wọ́n sì ní ọ̀nà tí ó lófin láti sọ pé àwọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Súwídìn àti Nọ́wè fi kọ́ ayé nìyẹn, bí ìdáhùn wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Yorùbá mọ ètò ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó sí. Àjọ, èsúsú àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Ohun tí wọn kò tí ì ṣe ni kí wọ́n gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá. Ìgbà tí ẹni tí ń lu ìlù ní Adámásingbà bá lè gbé ọwọ́ sókè nínú ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a sì ka ọwọ́ náà mọ́ ìbò, ìgbà náà ni àríyànjiyàn lórí fèrè yóò tó di èyí tí a lè parí.